Abẹ́rẹ́ Àjẹsára: Ọ̀kan Lára Ẹ̀tọ́ Ọmọ Lọ́rùn Òbí

  

Bí a bá ń ka ẹ̀tọ́ ọmọ lọ́rùn òbí níbi ìpàdé wa, a máa ń mẹ́nu ba orúkọ tó dára, ẹran ìsọmọlórúkọ, ilà kíkọ, ilé-kéwú àti ilé ìwé. Gbogbo rẹ̀ ló tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kan wà tí a sábà máa ń fò kọjá. Òun ni pé kí ọmọ náà wà láàyè, kí ojú rẹ̀ ríran, kí etí rẹ̀ gbọ́ràn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbé e dé ilé-kéwú náà. Ẹ̀tọ́ yìí ni ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lé lórí.

Nínú ìròyìn tí àjọ WHO àti UNICEF gbé jáde ní ọdún 2024, àwọn ọmọ tí kò gba ẹyọ kan nínú abẹ́rẹ́ Pẹ́ńtà ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 2. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí irú wọn pọ̀ tó báyìí. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òkè ọya nìkan ni ọ̀rọ̀ náà wà. Nígbà tí àrùn dífítéríà, èyí tí í máa dí ọmọ lọ́nà ọ̀fun, bẹ́ sílẹ̀ ní ìparí ọdún 2022, Kano àti Èkó ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ ìró rẹ̀. Ilé ńjó ni a ń wò yìí, kò sì jìnnà sí tiwa.

KÍ NI ABẸ́RẸ́ YÌÍ Ń ṢE NÍNÚ ARA?

Ọlọ́hun fi ọmọ ogun sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé, àwọn ọmọ ogun yìí ni yóò dìde sí i. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá rí ọ̀tá kan fún ìgbà àkọ́kọ́, wọn kò mọ̀ ọ́n lójú. Ó máa ń gbà wọ́n ní ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó mọ ohun ìjà tí yóò ràn án. Láàárín àwọn ọjọ́ yẹn, àrùn lè ti ṣe ohun tí kò ṣeé tún ṣe mọ́: ó lè ti fọ́ ojú ọmọ, ó lè ti rọ ọmọ lẹ́sẹ̀, ó sì lè ti gba ẹ̀mí rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni láti fi ojú ọ̀tá han àwọn ọmọ ogun náà ṣáájú ọjọ́ ogun. Kòkòrò tí a ti pa, tàbí èyí tí a ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ẹ̀yà kékeré kan lára rẹ̀, ni ó wà nínú abẹ́rẹ́ náà. Ara ọmọ yóò kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣe àìsàn náà gan-an.

Àwọn kan máa ń béèrè pé kí ló dé tí a fi ń gba abẹ́rẹ́ kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ wo ọmọ ilé-kéwú. Bí ààfáà bá ka súrà fún un lẹ́ẹ̀kan, kò tíì há a sórí. Ó di ìgbà tí ó bá tún un kà lọ́la àti lọ́tùn-ún-la kí ó tó wọ̀ ọ́ lára. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ni kíkà, èkejì àti ẹ̀kẹta ni àtúnkà. Ọmọ tí ó gba ẹ̀ẹ̀kan péré nínú mẹ́ta dà bí ọmọ tí a kọ́ ní ìlàjì súrà.

Ẹ jẹ́ kí a fi èéyi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n ń kọ sí káàdì ní Measles. Nínú àwọn ọmọ 100 tí ó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní oṣù 9, nǹkan bí 85 ni ara wọn yóò gbà á dáadáa. Àwọn tó kù kò ní ààbò, ìyá wọn kò sì lè mọ̀ nípa wíwò lójú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tún un gbà ní oṣù 15, kí ààbò náà lè ká àwọn tí ti àkọ́kọ́ kò ràn. Èéyi kì í sì ṣe àrùn tí í wá, tí í lọ lásán. Ó máa ń pa ìmọ̀ tí àwọn ọmọ ogun ara ti kó jọ nípa àwọn àrùn mìíràn rẹ́. Ọmọ lè bọ́ lọ́wọ́ èéyi lónìí, kí òtútù àyà tàbí ìgbẹ́ gbuuru gbé e dè ní oṣù tí ń bọ̀.

ṢÉ KÒ TAKO ÌGBÁRALÉ ỌLỌ́HUN?

Ìbéèrè yìí ni mo máa ń gbọ́ jù lọ nínú ọgbà mọ́sálásí, pàápàá lẹ́nu àwọn bàbá. Wọn a ní, "Ọlọ́hun ló ń ṣọ́ ọmọ. Bí kádàrá bá ti wà, kí ni abẹ́rẹ́ fẹ́ ṣe sí i?" Olùbéèrè kò ṣẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ló mú un béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹ̀sìn wa fi kọ́ wa.

Ẹ rántí arákùnrin tí ó bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀, kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun. Ìdáhùn tí Tirmidhi gbà wá ni pé kí ó kọ́kọ́ so ó, kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun. Okùn kò gba ipò Ọlọ́hun. Ìgbọràn sí Ọlọ́hun ni okùn náà.

Ẹ rántí Umar ọmọ Khattab nígbà tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, tí ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó yí padà pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó ń sá fún kádàrá Ọlọ́hun ni, ó ní inú kádàrá Ọlọ́hun kan ni àwọn ti ń sá bọ́ sínú kádàrá Rẹ̀ mìíràn. Àìsàn jẹ́ kádàrá. Oògùn àti ààbò náà jẹ́ kádàrá.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Lílo oògùn nígbà àìsàn dára, ṣùgbọ́n ọmọ mi kò ṣàìsàn." Ànábì wa kọ́ wa nípa èso dàbínù Ajwa méje tí a bá jẹ ní òwúrọ̀, pé ààbò ni fún ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní ọjọ́ náà. Bukhari àti Muslim ló gbà á wá. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn fi èyí ṣe ẹ̀rí pé kò sí èèwọ̀ nínú kí a dènà ìpalára kí ó tó dé. Ọ̀rọ̀ "àjẹsára" kò sì ṣàjèjì lédè wa. Ohun tí abẹ́rẹ́ yìí fi yàtọ̀ sí àwọn àjẹsára ayé àtijọ́ ni pé kò sí ọfọ̀ nínú rẹ̀, kò sí ẹbọ, bẹ́ẹ̀ ni a mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, a sì mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Ní ìparí, ẹ wo Hájì. Gbogbo ẹni tí ó fẹ́ dé ilẹ̀ mímọ́ ni ìjọba Saudi Arabia ń béèrè ẹ̀rí abẹ́rẹ́ yírunyírun lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tún ń béèrè ti ibà pọ́njú àti ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ lọ́wọ́ àwa tí a ń ti Nàìjíríà lọ. Kì í ṣe àṣejù. Yírunyírun ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn alálàájì ní ọdún 1987 àti 2000. Bí bàbá bá na apá fún abẹ́rẹ́ kí ó lè di Alhaji, kí ni yóò wí tí yóò fi sọ pé abẹ́rẹ́ kan náà kò dára fún ọmọ rẹ̀ tó wà nílé?

OHUN TÍ OJÚ AYÉ TI RÍ

Àwọn àgbà wa mọ olóde. Wọ́n mọ ìgbóná tí í wọ ìlú, tí a kì í fi orúkọ rẹ̀ pè é ní ọ̀sán gangan, tí ó fọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ lójú, tí ó sì sọ ọ̀pọ̀ ilé di ahoro. Mùsùlùmí ti ṣe gudugudu méje nínú ìmọ̀ àrùn yìí. Muhammad ọmọ Zakariya ar-Razi, oníṣègùn ará Rayy ní ilẹ̀ Persia, ti kọ ìwé ní ohun tó lé ní 1,000 ọdún sẹ́yìn tí ó fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ìgbóná àti èéyi. Ní ìlú Istanbul, ní ọdún 1717, aya aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì rí àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ń fi díẹ̀ lára omi egbò ìgbóná gún àwọn ọmọdé lára, kí ara wọn lè mọ̀ ọ́n. Ó gbé ìmọ̀ náà lọ sí London. Abẹ́rẹ́ òde òní dára ju ìyẹn lọ, ó sì ní ààbò jù ú lọ, ṣùgbọ́n inú ìrònú yẹn ni ó ti ṣẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ohun àjèjì tí wọ́n gbé wá ba Mùsùlùmí jẹ́ ni, kò tíì gbọ́ ìtàn náà tán.

Ẹni ìkẹyìn tí ìgbóná mú láti ara ẹlòmíràn láwùjọ ni Ali Maow Maalin, Mùsùlùmí ará Somalia, ní ọdún 1977. Ó yè é. Ní ọdún 1980, àjọ WHO kéde pé ìgbóná ti tán láyé. Maalin fúnra rẹ̀ wá di ẹni tí ń lọ láti ilé dé ilé, tí ó ń rọ àwọn òbí ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ pé kí wọ́n gba ààbò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ fún ọmọ wọn. Ẹnu iṣẹ́ yìí ni ó wà títí ó fi kú ní ọdún 2013.

Ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kan wa gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òkè ọya dá ìkán-sílẹ̀ rẹ̀ dúró nítorí àhesọ pé wọ́n fẹ́ fi sọ ọmọbìnrin di àgàn. Nígbà tí Kano padà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, oògùn tí wọ́n ṣe ní Indonesia, orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí gan-an, ni wọ́n lò. Ṣùgbọ́n àrùn náà ti rìn jìnnà ní àkókò tí a fi ń jiyàn. Láti Nàìjíríà ni ó ti gba ọ̀nà rẹ̀ títí tí ó fi dé Indonesia yẹn gan-an ní ọdún 2005. Àwọn ọmọ tí ó rọ nígbà náà ti di àgbà báyìí. Àwa náà ń rí irú wọn lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fún wọn ní sàárà, ẹ fi sàárà náà kún un kí ọmọ tiyín má baà jókòó síbẹ̀.

Alhamdulillāhi, láti ọdún 2016 ni a kò ti rí irú rẹ̀ tí í ṣe ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ní Nàìjíríà, wọ́n sì kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé ó ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àmọ́ irúfẹ́ mìíràn rẹ̀ ṣì ń jà níbi tí àwọn ọmọ tí kò gba ààbò bá pọ̀ sí. Nítorí náà ni wọ́n ṣì fi ń kàn ilẹ̀kùn wa. Ẹ ṣí i fún wọn.

ÌGBÀ TÍ ỌMỌ YÓÒ GBA Ọ̀KỌ̀Ọ̀KAN

Ọ̀fẹ́ ni àwọn wọ̀nyí ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ti ìjọba. Ẹ gé ojú ìwé yìí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri.

Ọjọ́ ìbí: BCG fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, OPV, ìkán-sílẹ̀ lẹ́nu fún rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, Hep B fún mẹ́dọ̀wú. Ti mẹ́dọ̀wú dára jù kí wákàtí 24 tó pé. Ẹ má dúró de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Ọ̀sẹ̀ 6: Pẹ́ńtà àkọ́kọ́, OPV, PCV fún òtútù àyà, Rótà fún ìgbẹ́ gbuuru. Pẹ́ńtà nìkan ń dènà àrùn 5: dífítéríà, tẹ́tánọ́ọ̀sì, ikọ́ àwúbì, mẹ́dọ̀wú, àti kòkòrò Hib tí í fa òtútù àyà àti yírunyírun.

Ọ̀sẹ̀ 10: ẹlẹ́ẹ̀kejì wọn.

Ọ̀sẹ̀ 14: ẹlẹ́ẹ̀kẹta wọn. IPV, abẹ́rẹ́ rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, wà nínú ètò yìí pẹ̀lú; òṣìṣẹ́ ìlera yóò sọ ọjọ́ rẹ̀ fún yín.

Oṣù 6: fítámì A lẹ́nu.

Oṣù 9: èéyi àkọ́kọ́, ibà pọ́njú, yírunyírun.

Oṣù 15: èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì. Èyí ni àwọn òbí ń gbàgbé jù, nítorí ọmọ ti ń rìn, ó sì ti le koko lójú wọn.

Ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14: HPV ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, fún jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò ní í ṣe pẹ̀lú ìwà ọmọ. Kí ó tó wọ ilé ọkọ ni ó ń wúlò jù.

Ìyá tí ó bá lóyún náà ní tirẹ̀: abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, tí í dáàbò bo òun àti ọmọ inú. Ọ̀nà tí tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbà wọ ara ọmọ tuntun ni ìwọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìgbẹ́ ẹran, iyọ̀, ọṣẹ ìfọyín tàbí epo sí ìwọ́ ọmọ. Ìpara chlorhexidine tí a ṣe fún ìwọ́ ni kí ẹ béèrè, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó kan ojú ọmọ. Ẹni tí yóò kọ ilà fún ọmọkùnrin, tàbí tí yóò lu etí ọmọbìnrin, gbọ́dọ̀ lo irinṣẹ́ tí a kò tíì lò fún ẹlòmíràn tàbí èyí tí a sè pa kòkòrò ara rẹ̀. Ìmọ́tótó tí a fi ń gba ìrun náà ni kí ó dé ibẹ̀.

BÍ Ẹ BÁ TI DÉ ILÉ

Ẹ dúró ní ilé ìwòsàn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó gbéra. Lẹ́yìn náà, ara ọmọ lè gbóná díẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ lè wú, ọmọ sì lè máa sunkún. Ọjọ́ kan tàbí méjì ni, yóò lọ. Ẹ fún un ní ọmú dáadáa, ẹ bọ́ aṣọ tó nípọn kúrò lára rẹ̀. Ẹ má fi omi gbígbóná jó ojú abẹ́rẹ́, ẹ má fi àgbo sí i.

Ti BCG yàtọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ bíi 2 sí 6, ojú rẹ̀ yóò wú, ó lè di egbò kékeré, yóò sì jiná fúnra rẹ̀, á fi àpá sílẹ̀. Ẹ kàn fi sílẹ̀.

Ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa lórí parasítámọ́ọ̀lù, nítorí iṣẹ́ mi gan-an nìyí. Oríṣi méjì ló wà fún ọmọdé. Sírọ́ọ̀pù, èyí tí ó sábà máa ń ní 125 mg nínú 5 ml, àti èyí tí a ń kán, tí ó sábà máa ń ní 100 mg nínú 1 ml péré. Èyí tí a ń kán lágbára ju sírọ́ọ̀pù lọ ní ìlọ́po 4. Fún ọmọ tó wọn 6 kg, ìlàjì ṣíbí 5 ml sírọ́ọ̀pù tó. Bí ìyá bá fi ìlàjì ṣíbí yẹn wọn èyí tí a ń kán, ìlọ́po 4 ohun tó yẹ ló fún ọmọ. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bàjẹ́. Nítorí náà, ẹ ka ara ìgò, ẹ lo ohun ìwọ̀n tí ó bá a wá, ẹ jẹ́ kí ó tó wákàtí 6 láàárín ìgbà kan sí èkejì, kí ó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ ní ọjọ́ kan. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, ẹ bi òṣìṣẹ́ ìlera kí ẹ tó fún un ní ohunkóhun.

Ẹ má sì ra oògùn ọmọdé lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri nínú ọkọ̀. Ní ọdún 2008, oògùn eyín tí májèlé wọ̀ pa ohun tó lé ní ọmọ 80 ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ibi tí a ti lè rí ẹni tó tà á fún yín ni kí ẹ ti rà á. Àti pé eyín híhù kì í ṣe àìsàn, kò nílò oògùn.

ÌTỌ́JÚ TÍ Ó TẸ̀ LÉ ABẸ́RẸ́

Abẹ́rẹ́ nìkan kò tó. Súratul-Baqarah ti kọ́ wa nípa fífún ọmọ ní ọmú fún ọdún 2 gbáko fún ẹni tí ó bá fẹ́ pé e. Oṣù 6 àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, ọmú nìkan ni, láìsí omi, láìsí àgbo. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹyin, ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀fọ́ kún ògì ọmọ, nítorí ògì funfun nìkan kò lè mú ọmọ dàgbà.

Ẹ máa wọn ọmọ. Ìwọ̀n ọmọ sábà máa ń di ìlọ́po 2 ti ọjọ́ ìbí ní nǹkan bí oṣù 5 sí 6, á sì di ìlọ́po 3 bí ó bá pé ọdún kan. Bí ìlà orí káàdì bá ń wálẹ̀ dípò kí ó máa gòkè, ohun kan ń bẹ. Láti oṣù 6, ẹ gba fítámì A ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà títí di ọdún 5. Láti ọdún kan, ẹ fi oògùn aràn kún un ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Inú nẹ́ẹ̀tì apẹ̀fọn ni kí ọmọ máa sùn.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé, omi ni ọmọ ń pàdánù, àìsí omi ni ó sì ń pa á. Ẹ po ORS sáṣẹ́ẹ̀tì kan pọ̀ mọ́ omi mímọ́ tí ó jẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ lítà kan, omi inú ọ̀rá ti 50 cl méjì ni. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, ẹ má dá ọmú dúró. Ẹ fi síǹkì kún un fún ọjọ́ 10 sí 14: 10 mg lójúmọ́ fún ọmọ tí kò tó oṣù 6, 20 mg fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀. Bí ìgbẹ́ bá tilẹ̀ dúró, ẹ lo síǹkì náà tán.

Ẹ gbé ọmọ sáré lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe òru, bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: kò lè mu ọmú tàbí omi, gbogbo ohun tó jẹ ló ń bì, gìrì mú un, ó ń sùn lọ, kò jí dáadáa, tàbí ó ń mí túpetúpe. Ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá tó 60 fún ọmọ tí kò tó oṣù 2, tàbí 50 fún ọmọ oṣù 2 sí 11, tàbí 40 fún ọmọ ọdún 1 sí 5, òtútù àyà lè wà níbẹ̀. Gìrì kì í ṣe ohun tí a ń fi iná jó ẹsẹ̀ tàbí fi àlùbọ́sà kán sí ojú fún.

ÌDÁHÙN SÍ ÀWỌN ÌBÉÈRÈ YÍN

"Ṣé kò sí ohun èèwọ̀ nínú rẹ̀?" Àwọn abẹ́rẹ́ kan wà láyé tí èròjà kan nínú wọn lè ti ara ẹran wá. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn àti oníṣègùn Mùsùlùmí jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí ní Kuwait ní ọdún 1995. Wọ́n ní ohun tó bá ti yí padà pátápátá kúrò ní ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀, ìdájọ́ rẹ̀ náà ti yí padà. Yàtọ̀ sí èyí, dídáàbò bo ẹ̀mí wà lára ohun tí ẹ̀sìn wa dìde fún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ síra wa lórí ọ̀rọ̀ èèwọ̀. Nínú ilé Mùsùlùmí kan, bí èéyi bá mú ọmọ, ẹmu ọ̀pẹ ni wọ́n ń fi wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n tún ń kán an sí i lójú. Ẹmu kò wo èéyi, ó sì lè ba ojú náà jẹ́. Fítámì A tí wọ́n ń fún ọmọ ní ilé ìwòsàn ni ó ń dáàbò bo ojú. Kí ló dé tí a fi ń bẹ̀rù èèwọ̀ nínú abẹ́rẹ́, tí a sì ń fi agbè gbé e wọlé?

"Ṣé kò ní jẹ́ kí ọmọ bímọ lọ́la?" Àwọn tí a kán OPV sí lẹ́nu ní kékeré ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni àwọn tí ń gbé ọmọ wá fún ìsọmọlórúkọ lọ́dọ̀ ìmáàmù wa lónìí.

"Mo ti fo ọjọ́ kan, ṣé n ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀ ni?" Ìyá kan bi mí ní èyí nídìí tábìlì ìlera wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ọmọ rẹ̀ ti pé oṣù 8, ọ̀sẹ̀ 10 ni káàdì rẹ̀ dúró. Ó lọ kí ìyá rẹ̀ nílé, ọjọ́ kọjá, ojú wá ń tì í láti padà, ó ní wọn yóò pariwo mọ́ òun. Ọkọ rẹ̀ ní kò wúlò mọ́. Mo ní, "Ìyá wa, ibi tí ẹ dúró ni ẹ ó ti tẹ̀síwájú. Ẹ̀kọ́ tí ara ti kọ́ kò sọnù." Ó lọ ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e. Rótà ní ọjọ́ orí tirẹ̀, òṣìṣẹ́ ìlera ni yóò sọ bóyá ó ti kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù kò tíì pẹ́ jù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pariwo mọ́ yín, ẹ fara dà á, kí ẹ má torí ìbínú ẹni ọ̀la jẹ ọmọ yín níyà.

IṢẸ́ TÍ Ó KÀN WÁ

Ẹ̀yin bàbá, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti obìnrin. Ànábì wa kọ́ wa pé olùṣọ́ ni bàbá nínú ilé rẹ̀, a ó sì bi í nípa agbo rẹ̀. Ìyá ọmọ tí ń dúró de owó ọkọ̀ tàbí àṣẹ yín, ẹ tètè fún un. Ẹ mọ ọjọ́ tó kàn lórí káàdì bí ẹ ṣe mọ ọjọ́ owó ilé ìwé.

Ẹ̀yin ààfáà wa, bí wọ́n bá gbé ọmọ wá fún orúkọ, ẹ béèrè pé, "Káàdì rẹ̀ dà?" Ẹnu yín ni a ń gbọ́ ju ti oníṣègùn lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé-kéwú, bí ẹ bá ń gba ọmọ wọlé, ẹ béèrè ohun kan náà.

Ní alẹ́ òní, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, kí tọkọtaya gbé káàdì ọmọ kọ̀ọ̀kan jáde, kí wọ́n dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí: Èwo ni ọmọ wa ti gbà? Èwo ló kàn, ọjọ́ wo sì ni? Ta ni yóò gbé e lọ? Bí káàdì bá ti sọnù, ẹ padà sí ibi tí ọmọ ti gba abẹ́rẹ́, kí wọ́n wo ìwé wọn. Ẹ tọ́jú káàdì náà pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, nítorí ó lè wúlò fún un lọ́jọ́ tí òun náà bá fẹ́ lọ sí Hájì.

Kí Ọlọ́hun wo àwọn tó ń ṣàìsàn nínú àwọn ọmọ wa sàn, kí Ó tu àwọn tí ọmọ wọn ti ṣáájú lọ nínú, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn tí ń bẹ lọ́wọ́ wa dàgbà di ẹni tí yóò ṣe àdúà fún wa lẹ́yìn ikú. Àmín.